Má Tíì Ra Módúlù Kẹta

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àkàndé, ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé Golf rẹ tún dákú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti pé o ti ń wá owó módúlù iná plọ́ọ̀gì kẹta láàárín oṣù mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ìdí nìyí tí mo fi mú gègé. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì ra nǹkan kan. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Wo ohun tí o ti pààrọ̀: pọ́ǹpù epo, plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́ìlì, lẹ́yìn náà módúlù méjì. Rewáyà tó bá ọ ṣe é kì í ṣe olè. Ohun tó ń yọ rewáyà náà lẹ́nu ni pé kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ ti tutù, ó ti jí, kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́. Ló bá ń méfò. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà tó bá wà nílé là á mú un.

Golf 2 tìrẹ yìí, irú tí wọ́n ṣe láti 1983 títí di 1992, kò ní kọ́ńtáàtì tí a ń fi sáńpépà fá bíi ti ọkọ̀ Ìjàpá tí bàbá rẹ wà. Ohun kékeré kan wà nínú dísíbútọ̀ rẹ̀ tí à ń pè ní Hall sender. Òun ló ń sọ fún módúlù pé àsìkò ti tó. Módúlù ló ń jẹ́ kí iná wọ inú kọ́ìlì, òun náà ló sì ń já a lójijì. Jíjá yẹn ló ń bí iná ńlá tó ń ṣẹ́ lẹ́nu plọ́ọ̀gì. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni iná ń gba inú módúlù kọjá, ooru sì ń bá a rìn. Bí ooru yẹn ò bá ríbi gbà jáde, módúlù á dákẹ́. Bó bá tutù, á tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá gbóná kọjá ààlà ni ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú sí i, títí ọjọ́ tí kò ní jí mọ́.

Ooru náà ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Irin pẹlẹbẹ ni ẹ̀yìn módúlù, wọ́n sì fi sìkúrù dè é mọ́ pátákó alumíníọ̀mù nínú kòtò tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ gíláàsì iwájú. Ọ̀rá funfun kan ló wà láàárín irin méjèèjì, òun là ń pè ní heat sink paste. Bí o bá fojú wo àwọn irin náà, wàá ní wọ́n tẹ́jú. Wọn ò tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ihò tín-ín-tìn-tín kún ojú wọn, atẹ́gùn ló sì wà nínú ihò yẹn. Atẹ́gùn kì í gbé ooru dáadáa. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n nílé: atẹ́gùn tó wà láàárín páànù àti àjà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán jó wa lórí. Ohun tó ń ṣe wá lóore nínú ilé ló ń pa módúlù nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ ọ̀rá funfun ni láti lé atẹ́gùn yẹn kúrò, kí ooru lè rí ọ̀nà kọjá.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí fún ọ. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe rewáyà, oníbàárà kan gbé irú ọkọ̀ yìí wá. Mo rí i pé módúlù ni, mo ra tuntun, mo dè é, ọkọ̀ jí, mo gba owó mi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dákú mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́ lálẹ́ nítòsí Ògèrè. Òun àti ọmọ rẹ̀ méjì, inú ọkọ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú. Nígbà tó gbé e padà wá, a wà á yípo fún ogún ìṣẹ́jú, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fọwọ́ kan módúlù, mo sì tètè fa ọwọ́ mi padà. Pátákó tí a dè é mọ́ kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló là mí lójú: ooru ò kọjá. Nígbà tí mo tú u, ẹ̀yìn módúlù ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Lára pátákó, ọ̀rá àtijọ́ ti gbẹ, ó ń ya bí ẹfun ara ògiri. Kò sí àléébù lára módúlù náà. Èmi ni mo dè é láìfi ọ̀rá sí i. Mo dá owó ọkùnrin náà padà, ṣùgbọ́n kò sí owó tó lè dá òru ọjọ́ yẹn padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tìrẹ.

Nítorí náà, bó bá tún dákú, tì í kúrò lójú ọ̀nà, gbé C-caution sẹ́yìn rẹ̀, má sì ta á ní sítáátì títí bátìrì á fi kú. Ní plọ́ọ̀gì kan tó dára nínú bóótì. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa, yọ wáyà plọ́ọ̀gì kan, ki plọ́ọ̀gì tí o mú lọ́wọ́ bọ̀ ọ́, fi ara irin plọ́ọ̀gì náà há mọ́ irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, jìnnà sí i, kí ẹnìkan wá ta sítáátì. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ń ṣẹ́, ọ̀dọ̀ epo ni kí o wá ẹjọ́ lọ. Bí kò bá sí iná, o ti mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fa wáyà plọ́ọ̀gì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná tí kò ríbi fò sí lè ba módúlù àti Hall sender jẹ́, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe.

Bí kò bá sí iná, rẹ aṣọ sínú omi, fún un kó má kán mọ́, kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́ módúlù nìkan. Má jẹ́ kí omi dé ibi tí wáyà ti wọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ní ogójì ìṣẹ́jú ló máa ń lò kó tó jí. Bó bá jí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, módúlù ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Bí kò bá jí, má tíì dá a lẹ́bi, torí ooru máa ń mú Hall sender náà. Nílé, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí o fi ẹ̀rọ tí aya rẹ fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí dísíbútọ̀ nìkan. Lọ́jọ́ mìíràn, fẹ́ ẹ sí módúlù nìkan. Èyí tó bá pa ẹ́ńjìnnì ni ọ̀daràn.

Bó bá jẹ́ módúlù ni, kí o tó de òmíràn, wádìí ohun tó ń mú un gbóná. Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní títàn, mítà gbọ́dọ̀ ka iye iná bátìrì láàárín ẹsẹ̀ 4 àti ẹsẹ̀ 2 lẹ́nu wáyà módúlù. Bó bá dín, wo ibi tí ẹsẹ̀ 2 ti kan bọ́dì ọkọ̀. Tú wáyà kúrò lára kọ́ìlì, wọn ẹsẹ̀ 15 sí ẹsẹ̀ 1 rẹ̀: ó yẹ kó wà láàárín 0.5 àti 0.8 ohm. Bó bá kéré jù, iná tó ń fà pọ̀ jù. Dá wáyà kọ́ìlì padà, yọ wáyà Hall sender, fi mítà sórí ẹsẹ̀ 15 àti ẹsẹ̀ 1 kọ́ìlì, kí o tan kọ́kọ́rọ́: á ka ó kéré tán 2 volt, á sì bọ́ sí òdo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì. Bí kò bá bọ́, módúlù ò mọ ìgbà tó yẹ kó já iná mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, iná bátìrì ò gbọdọ̀ ju 14.5 volt lọ púpọ̀.

Bí o bá fẹ́ dè é, fi spirit nu ojú irin méjèèjì títí yóò fi mọ́. Fi ọ̀rá náà pa ẹ̀yìn módúlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni fi òrí pa ara ọmọ. Bó bá nípọn jù, òun náà á dí ooru lọ́nà. Gírísì bẹ́ríìnì kọ́, gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kọ́. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà ń lo ọ̀rá funfun náà lójoojúmọ́, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó módúlù. De gbogbo sìkúrù le dọ́gba, kí o sì kó ewé kúrò nínú kòtò yẹn kí omi òjò lè ṣàn lọ.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ọkọ̀ rẹ ò tíì kú. Lọ́jọ́ Sátidé, tú módúlù tó wà níbẹ̀, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó ná kọ́bọ̀. Bó bá gbẹ, o ti rí ohun tó ṣeé ṣe kó pa ti àkọ́kọ́. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o sọ ohun tí o bá níbẹ̀ fún mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.