Olódodo Tí Ó Díje: Ẹ̀kọ́ Láti Ìbò Sẹ̀nẹ̀gàl

Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ni ó ń fi hádíìsì Abdur-Rahman bn Samurah, níbi tí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ti kọ̀ fún un láti tọrọ ipò, lé olódodo sá fún òṣèlú. Hádíìsì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì Yusuf (AS) fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ọba Íjíbítì fi òun ṣe olùtọ́jú ilé ìṣúra, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Súrà kejìlá. Ojúkòkòrò ni hádíìsì náà ń lé, kì í ṣe ìmọ̀ àti ìfọkàntán.

Báwo wá ni olùdìbò yóò ṣe dá wọn mọ̀ yàtọ̀? Umar bn al-Khattab (RA) máa ń ṣe àkọsílẹ̀ dúkìá àwọn gómìnà rẹ̀ nígbà tí ó bá yàn wọ́n, kí àlékún tí kò nídìí má baà fara pamọ́.

Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, lẹ́yìn tí ààrẹ bá ti wọlé ni òfin tó béèrè dúkìá rẹ̀. Ní ọdún 2024, Bassirou Diomaye Faye, òṣìṣẹ́ owó-orí tí kò dé ipò ìdìbò kankan rí, kéde tirẹ̀ ṣáájú ìbò, ó sì ní kí àwọn olùdíje yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọlé ní ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 54 nínú 100. Kì í ṣe ìkéde yìí ni ó gbé e wọlé; ìbínú àwọn ọ̀dọ́ àti àtìlẹ́yìn Ousmane Sonko ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, olùdíje tí ó bá fi dúkìá tirẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn èyí ni ó ní àlàyé láti ṣe fún ará ìlú.