Ẹlẹ́rù Ní Í Gbé Ibi Tó Wúwo

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé ẹrù, apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwa oníṣòwò kéékèèké wí gan-an, nítorí ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yáni lówó. A ó ní ọjà kò tà, owó iléèwé àwọn ọmọ ti dé, ẹni tó yẹ kó ràn wá lọ́wọ́ kò gbé fóònù. Àánú lè ṣe ẹni tó ń gbọ́ wa, àmọ́ kò síbi tí wọ́n ń kọ àánú sí nínú fọ́ọ̀mù. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni èló ló ń wọlé lóṣù, èló ló ń jáde, ta ló jẹ yín, ta lẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ó ń ra aṣọ funfun, ó ń ra aró àti sódà, ó ń sanwó fún ọmọ tó ń bá a fi ìko so aṣọ, àwọn oníbàárà sì ń wá bá a láti Èkó àti Ìbàdàn. Bí ẹ bá bi í léèrè èrè tó jẹ lóṣù tó kọjá, "a dúpẹ́" ni yóò wí. Kò purọ́, kò mọ̀ ọ́n ni. Owó aṣọ àti owó ọbẹ̀ jọ wà nínú báàgì kan náà. Bí ọmọ bá ti ní òun fẹ́ ra bírò, inú ibẹ̀ náà ni ọwọ́ ń lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa tà láti àárọ̀ di alẹ́ kó má mọ̀ pé orí owó lòun ń jẹ.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló máa yanjú rẹ̀. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan: lápá òsì, owó tó wọlé, lápá ọ̀tún, owó tó jáde, títí kan owó ọ̀kadà àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ mú jẹun, nísàlẹ̀, orúkọ ẹni tó gbé aṣọ láwìn àti ọjọ́ tó dá. Kó ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀, kó má sì fi owó ibẹ̀ ra ankara òde. Bó bá ṣe èyí fún oṣù mẹ́fà, ìwé náà àti àkọsílẹ̀ báńkì á ṣiṣẹ́ fún un ju lẹ́tà tí sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí lọ.

Owó tó sún mọ́ wa jù ni àjọ àti èésú. Samuel Johnson ti sọ̀rọ̀ èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, àwọn baba wa sì ti ń dá a kó tó kọ ọ́. N kò ní sọ pé kẹ́nikẹ́ni má dá àjọ. Ṣùgbọ́n owó yín náà lẹ ń kó padà, alájọ á sì mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù. Ó dára fún kíkó ọjà, agbára rẹ̀ kì í sábà ká ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí òfin ti dá mọ̀ ní Nàìjíríà láti 1935, ló gbéni ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ bá ti dáwó déédéé fún bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á yá yín ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ní nílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ méjì á sì ṣe onídùúró. Èlé rẹ̀ kì í pọ̀. Ohun tó ń ba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni akápò tí kì í ka ìṣirò owó síta, nítorí náà ẹ béèrè ti èṣí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ ni owó tí àwọn ará ọjà ń pè ní gbọ́múlélántà. Kò pẹ́, kò ní fọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ, ìyẹn ló fi ń dùn. Ká ní aládìrẹ wa yá ₦100,000. Wọ́n yọ ₦2,000 fún ìwé, wọ́n dá ₦10,000 dúró pé ìfowópamọ́ ni. ₦88,000 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Yóò máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, àpapọ̀ rẹ̀ ₦120,000. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti dá ₦60,000 padà. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú owó náà kò ju ₦28,000 lọ, síbẹ̀ èlé orí ₦100,000 ló ṣì ń san. Aṣọ tó sì fi owó náà ṣe lè má tíì tà, nítorí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì tàbí tòmátì, tí owó ń yí lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, lè rù ú là. Aládìrẹ kò lè rù ú.

Ti àwọn ayánilówó orí fóònù tún burú ju èyí lọ. Àwọn kan nínú wọn a máa kó gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù yín, bí ẹ bá sì pẹ́ san, wọ́n á ránṣẹ́ sí àna yín pé olè ni yín. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ti ń forúkọ àwọn ayánilówó wọ̀nyí sílẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: èyí tí kò bá sí nínú orúkọ tí wọ́n kọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ti ìjọba ńkọ́? Owó wà níbẹ̀, àmọ́ kì í wà nígbà gbogbo. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀yáwó ₦500,000 sí ₦1,000,000 fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, èlé mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, oṣù 36 láti san án. Ẹ fi èyí wé gbọ́múlélántà: èlé ₦100,000 kò ní kọjá ₦9,000 lọ́dún kan gbáko. Bank of Industry ni wọ́n ní kó bójú tó o. Èkó ní LSETF tirẹ̀, àpò owó tó ń yá oníṣòwò lówó, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2016. Ní 2020, nígbà tí kòrónà gba ayé kan, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun á sanwó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, fún 250,000 iléeṣẹ́. Àwọn tó ti mọ̀ nípa rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Àwọn yòókù ń sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́.

A náà ní ẹ̀bi tiwa. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Nígbà tí TraderMoni, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn ará ọjà, dé ní 2018, ₦10,000 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá san án á gba ₦15,000, lẹ́yìn náà ₦20,000, títí dé ₦100,000, láìsí ohun ìdúró. Ọ̀pọ̀ ló gba ₦10,000, tó ní owó ìbò ni, tó sì rọra sùn lé e. Lójú tèmi, àǹfààní tó tóbi ni wọ́n tà lówó pọ́ọ́kú.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tàbí ilé láti fi dúró, kó mọ̀ pé òfin kan wà tí Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò fọwọ́ sí ní 2017, nígbà tó ń dele ààrẹ. Òfin náà jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, ọkọ̀, àní gbèsè tí oníbàárà jẹ yín pàápàá, lè di ohun ìdúró. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ wò ó lọ́dọ̀ CAC bóyá ẹlòmíràn ti gbà á, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀. Láìsí ìwé ẹ̀rí náà, ẹ̀yáwó ńlá kankan ò ní tẹ̀ yín lọ́wọ́. SMEDAN, àjọ tí òfin 2003 gbé kalẹ̀ fún àwa oníṣòwò kéékèèké, á kọ orúkọ yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó tí kì í ṣe ti ìjọba náà wà. Láti 2015 ni àjọ oníṣòwò ńlá nì, Tony Elumelu, ti ń fún àwọn oníṣòwò káàkiri Áfíríkà ní $5,000, owó tí a kì í dá padà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni fọ́ọ̀mù wọn sábà máa ń jáde, wọ́n á sì tì í ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta. Iṣẹ́ tí kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó wà ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin tàbí Àtàkpàmé ní Togo lè fi Faransé kọ ọ́. Wọn kì í ta fọ́ọ̀mù náà. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá kí òun tó bá yín gbà á, olè ni.