Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣèwádìí ìhùwà ẹ̀dá, òwe yìí kàn wá. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu ju ẹnìkejì lọ, ìdánwò ọjọ́ kan ò tó í fi dájọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni olùwádìí Walter Mischel bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpápánu síwájú àwọn ọmọdé ní Stanford, l'Amẹ́ríkà. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ kíá, ẹyọ kan ni tirẹ̀. Èyí tó bá ní sùúrù a gba méjì. Layé bá ń sọ pé ìṣẹ́jú tí ọmọ fi dúró ni yóò sọ bí ọ̀la rẹ̀ yóò ṣe rí. Lọ́dún 2018, Tyler Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lára àwọn ọmọ tó lé ní 900. Nígbà tí wọ́n ka irú ilé tí ọmọ ti wá mọ́ ọn, àsọtẹ́lẹ̀ náà rọ púpọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ìdánwò Stroop ńkọ́? Wọn a fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ "pupa", wọn a ní kí o pe àwọ̀, kí o má ka ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí ẹnu rẹ̀ kì í falẹ̀. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn: àlùbọ́sà ń pa gbogbo wa lẹ́kún, a ò lè fi í mọ ẹni tó ń tètè sunkún. Lọ́dún 2018 kan náà, àwọn olùwádìí Hedge, Powell àti Sumner tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe fún àwọn kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìdánwò náà, èsì kejì kò fi bẹ́ẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Kóńgò tó gba ife mẹ́fà lánàá, tó wá gba márùn-ún lónìí, ta ni yóò fi í wọn ìrẹsì?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlú Dunedin ní New Zealand. Nínú àwọn ọmọ 1,037 tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, òbí sọ tirẹ̀, olùkọ́ sọ tirẹ̀, olùwádìí sọ ohun tó fojú rí, ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀, láti ọmọ ọdún 3 títí dé 11. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ wọn nípa bí ọmọ ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu ló tọ́ka sí ìlera àti ìṣúná àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n pé ọdún 32.

Nítorí náà, ẹ bi ju ẹnìkan lọ, ẹ wò ju ọjọ́ kan lọ, ẹ tún òṣùwọ̀n yín dán wò kẹ́ ẹ tó fi wọn ènìyàn. Kẹ́ ẹ sì tó pe ọmọ kan ní wọ̀bìà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti jẹun.