Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi iná gáàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ mọ irú gáàsì tẹ́ ẹ máa lò

Láti Sàngó-Ọ̀tà títí dé Agbára, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń lo gáàsì tó ń gba inú páìpù wá. Shell Nigeria Gas, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, ló tẹ́ páìpù gáàsì dé agbègbè náà. Agbára yìí kan náà ni Beta Glass ti ń yọ́ gíláàsì fi ṣe ìgò. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ máa yọ́ gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀ ní Ìtẹ̀lé lè rò pé òun náà á rí díẹ̀ fà wọlé. Ẹ má tìtorí ẹ̀ náwó o. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ tẹ́ páìpù yẹn, kì í ṣe ojúlé kọ̀ọ̀kan. Gáàsì ìdáná inú sílíńdà ni tiyín, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì lè sọ èrè di gbèsè, ó tiẹ̀ lè jó ilé.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìwádìí tí Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá ṣe ní Igbó Olókun, n'Ílé-Ifẹ̀, fi hàn pé àwọn baba wa ti ń ṣe gíláàsì fúnra wọn níbẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n hú jáde lé ní 12,000. Igi àti ẹwìrì làwọn alágbẹ̀dẹ gíláàsì Bídà fi ń ṣe tiwọn. Tọ́ọ̀ṣì tó ń tu iná jáde lórí tábìlì ló mú un rọrùn láti ṣe é nílé lóde òní.

Àkọ́kọ́, gáàsì inú páìpù fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, òkè ló ń lọ. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì, ilẹ̀ ló máa ń nà sí bí omi, títí tí iná yóò fi bá a níbẹ̀. Nítorí náà, fèrèsé òkè nìkan ò tó. Ẹ jẹ́ kí ihò afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Ìta ni kẹ́ ẹ gbé sílíńdà sí, kó dúró lóòró, kó jìnnà sí kànga àti gọ́tà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ ẹ bá ń ra tọ́ọ̀ṣì láti òkè òkun, ẹ béèrè irú gáàsì tí wọ́n ṣe é fún. Ooru inú gáàsì propane tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti gáàsì inú páìpù, ihò tọ́ọ̀ṣì wọn kì í sì í sábà rí bákan náà. Èyí tí kò bá gáàsì yín mu lè máa yọ èéfín dúdú, kó ba àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ihò náà o.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, rẹgulétọ̀ ilé ìdáná kò wúlò níbí, torí kò ṣe é yí sókè sódò. Ẹ ra èyí tó ṣe é yí, tó ní aago, tó sì jẹ́ ti gáàsì ìdáná. Rọ́bà táwọn panẹli bítà fi ń fa gáàsì kábáìdì kọ́ lẹ máa lò, nítorí gáàsì ìdáná máa ń jẹ irú ẹ̀. Ẹ fi irin tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn sójú ọ̀nà gáàsì àti ti ọ́síjìn. Omi ọṣẹ lẹ máa fi yẹ ojú ìsopọ̀ wò láràárọ̀, kì í ṣe ìṣáná.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni ọ́síjìn, ibẹ̀ lowó ń gbà lọ jù. Ìwọ̀n kan gáàsì inú páìpù ń gba ìwọ̀n méjì ọ́síjìn kó tó jó tán. Ìwọ̀n kan propane ń gba márùn-ún. Ẹ lè ra ọ́síjìn inú sílíńdà, ẹ sì lè ra ẹ̀rọ tó ń fà á látinú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná mànàmáná, nítorí náà, ẹ ṣírò owó jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Epo tàbí gíríìsì ò gbọdọ̀ kan ojú irin ọ́síjìn láéláé, ó lè gbiná lójijì.

Ìgbẹ̀yìn ni ìṣirò. Ẹ wọn sílíńdà yín kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá parí. Ká ní ó fi kílò mẹ́rin dín kù, tẹ́ ẹ sì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ 200, gíráàmù 20 ni ẹyọ kan jẹ nìyẹn. Ẹ fi owó ọ́síjìn, iná, gíláàsì àti èyí tó bá sán kún un, kẹ́ ẹ tó wá fi owó iṣẹ́ ọwọ́ yín lé e. Ẹni tó bá wo iye táwọn ẹlòmíràn ń tà nìkan, ó lè máa tà á ládànù láìmọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ilé àyágbé lẹ wà, ẹ sọ fún baba onílé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ apanápaná oníyẹ̀fun sí ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ẹ̀yìn tọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ ẹni tó ní ìwé àṣẹ àjọ NMDPRA ni kẹ́ ẹ ti máa ra gáàsì. Owó téèyàn bá ná sórí ààbò níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òfò, ara owó òwò ni.