Eré Àwọn Ọ̀dọ́ Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní àwọn abúlé wa, ẹgbẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọ́n ń fi eré kọ́ ará ìlú bí a ṣe ń tọ́jú omi mímu, bí aboyún ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, bí a ṣe ń pa àgbàdo mọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ ìwé kà yóò lóye eré. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yóò jókòó wo eré.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, iṣẹ́ rere yìí lè di ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọ ilé. Kí ni kí á ṣe? Ṣé kí á tú ẹgbẹ́ ká ni? Àbí kí á máa ṣe é bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni a rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Togo. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, a rí ẹni àkọ́kọ́ ní Benin. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n ní kí ènìyàn púpọ̀ má ṣe péjọ mọ́. Ìjọba Benin sì fi ààlà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú ìtòsí wọn ká. Kò rọrùn mọ́ láti jáde ní Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu tàbí Sábẹ, títí di oṣù Karùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó sílé, ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìdágìrì kòrónà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àrùn náà kò tán láyé, àrùn mìíràn sì lè dé. Nítorí ìgbà náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Níbo ni ewu wà?

Bí a bá bi àwọn ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn yóò sọ pé ọjọ́ eré ni ewu wà, nítorí èrò pọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ eré jẹ́ ọjọ́ kan péré, ìta gbangba sì ni a sábà máa ń ṣe é. Ìdánrawò ńkọ́? Ìdánrawò a máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin. Inú kíláàsì tàbí inú yàrá ẹnì kan ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, kí àwọn ọmọdé má baà yọjú wò wọ́n. Wọn a ti ilẹ̀kùn. Wọn a kọrin, wọn a pariwo, wọn a rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni kí á ti máa bẹ̀rù.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Mount Vernon, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan péjọ láti ṣe ìdánrawò nínú ilé. Ènìyàn 61 ni wọ́n, àgbàlagbà sì ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọrin fún wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí ara rẹ̀ kò yá. Ó rò pé òtútù lásán ni. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nínú àwọn 61 náà, ènìyàn 53 ni a kà mọ́ àwọn tí àrùn náà mú, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀ wà lára wọn. Ènìyàn méjì kú. Kò sí èrò ìwòran kankan níbẹ̀. Ìdánrawò lásán ni.

Kí ni ó fà á? Nígbà tí ènìyàn bá ń mí, omi wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ń bá èémí rẹ̀ jáde. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ó ń pọ̀ sí i. Bí ó bá ń kọrin tàbí tí ó ń pariwo, ó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò àrùn wà nínú omi wẹ́wẹ́ yìí. Ẹ rántí èéfín igi tútù. Bí a bá dá iná igi tútù sínú ilé ìdáná tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò máa wúkọ́, bí ó tilẹ̀ jìnnà sí iná. Bí a bá dá a sí àgbàlá, afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí ẹni tí ó ní àrùn náà.

Ẹ gbé ìdánrawò jáde

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á kúrò nínú yàrá. Ẹ lọ sí abẹ́ igi, tàbí sí pápá ilé ẹ̀kọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a mọ̀ ní Kétu, ta ni ó ti í ṣe é nínú yàrá rí? Ojú ọjà ni, ní gbangba. Àwọn ọmọdé yóò wá yọjú, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọjú láti òkèèrè.

Ẹ má ṣe pe gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ 20, ẹ pín ara yín sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn tí ó wà nínú ìran kan náà nìkan ni kí ó wá lọ́jọ́ kan. Kí ìdánrawò má kọjá wákàtí kan. Kí ó parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí àwọn ọmọbìnrin lè délé láìséwu. Kódà bí àrùn kò bá sí, ó yẹ kí á máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí àlàfo tó mítà méjì wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì. Ẹ ó sọ pé: “Eré wo ni èyí? Báwo ni ọkọ àti ìyàwó yóò ṣe máa jà láti òkèèrè?” Ọ̀nà wà. Ẹ fi ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà ṣe ọkọ àti ìyàwó náà. Wọ́n ti jọ ń jẹun, wọ́n ti jọ ń sùn. Eré kò fi ewu kún ewu wọn. Ẹ lo ìbòmú nígbà ìdánrawò. Ìbòmú aṣọ onípele mẹ́ta ni ó dára. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kí ó sì sá a sí oòrùn.

Orin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbè ni ó léwu jù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dá a, kí ìlù sì gbè é. Gángan mọ ọ̀rọ̀ sọ, kì í sì í wúkọ́. Ẹni tí ó ń fun fèrè kò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn ní fèrè rẹ̀. Bákan náà ni fìlà, gèlè àti aṣọ eré: kí ẹnì kan má bọ́ ọ fún ẹnì kejì láìfọ̀.

Ẹ so bídọ̀n omi mọ́ igi, kí ẹ dá ihò kékeré sí i lára, kí ẹ fi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí olúkúlùkù fọwọ́ nígbà tí ó bá dé àti nígbà tí ó bá fẹ́ lọ. Ife omi kan fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Kí kálukú mú igbá tirẹ̀ wá.

Ọ̀dọ́ tí ń fi ikọ́ pamọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó ti ń kọ́ ipò ọba láti oṣù kan kò ní fẹ́ sọ pé orí ń fọ́ òun. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Yóò gbé ikọ́ mì. Ara tirẹ̀ lè yá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ọ̀dọ́ ni. Ìyá àgbà tí ó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè má dìde mọ́. Kòrónà kò pa ọ̀dọ́ bí ó ti ń pa àgbà.

Nítorí náà, kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kọ́ ọ̀rọ̀ ipò kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo ẹgbẹ́ sì gbà pé ẹni tí ó bá sinmi nítorí àìsàn kò ní pàdánù ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí olórí ẹgbẹ́ ṣe lè sọ ọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ lásán ni. Èéfín ni ó fà á.”

“Àbúrò mi, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà wà nílé, bàbá yín náà ti dàgbà. Padà sílé, kí o lọ rí nọ́ọ̀sì lọ́la. Ipò ọba ṣì jẹ́ tìrẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ yóò kàn bá ọ dì í mú ni.”

Ẹ má ṣe lé e níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ojú bá tì í lónìí, kò sí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ ikọ́ lọ́la.

Ìwé orúkọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjọ́ sókè. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wá, ilé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì yóò fi ìwé náà mọ ẹni tí ó bá a jókòó. Ẹni tí kòrónà wọ ara rẹ̀ lè wà tó ọjọ́ 14 kí àmì tó hàn, ó sì lè kó o ran ẹlòmíràn ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí ara tirẹ̀ tó gbóná. Ẹ má ṣe fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni mìíràn.

Ọjọ́ eré

Dípò eré ńlá kan fún gbogbo ìlú, ẹ ṣe eré kékeré ní agboolé mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi eérú fa ìlà sílẹ̀. Kí ará ilé kan jókòó sórí ẹní kan, kí àlàfo wà láàárín ẹní àti ẹní. Ẹ yan ìyá kan tí àwọn ọmọdé ń bẹ̀rù, kí ó máa dá wọn padà sẹ́yìn ìlà. Wọn kò ní gbọ́ ti ọ̀dọ́.

Ẹ bá ara yín sọ ọ̀rọ̀ òjò ṣáájú. Bí òjò bá dé lójijì, gbogbo èrò á sá wọ inú kíláàsì kan ṣoṣo, ohun tí a ń sá fún yóò sì bá wa níbẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, ẹ dá eré dúró kí olúkúlùkù lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú eré

Eré tí ó fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́ ń pa ènìyàn. Bí ẹ bá ṣe é tí gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó bá ṣàìsàn lọ́la yóò fara pamọ́. Ẹ fi eré hàn bí aládùúgbò ṣe ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé aláìsàn. Ẹ fi eré fọ́ irọ́ pẹ̀lú. Nígbà kòrónà, àwọn kan ń sọ pé sódábì ń pa kòkòrò náà nínú ara. Irọ́ ni. Kí ẹ tó gbé eré jáde, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ. Ohun tí a mọ̀ ń yí padà: ní ọdún 2020 kò sí àjẹsára kòrónà ní Benin àti Togo, ní ọdún 2021 ó dé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà ọ̀nà tí àrùn ń gbà rìn, nítorí wọn kì í gba ọ̀nà kan náà. Onígbáméjì ń gba inú omi àti oúnjẹ wọlé. Ẹ lè jókòó sí gbangba títí, bí omi tí ẹ ń mu bá ti bàjẹ́, yóò mú yín. Ebola ní tirẹ̀ ń gba omi ara aláìsàn àti ti òkú.

Ìgbà tí ó yẹ kí á dúró pátápátá

Bí ìjọba tàbí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹnikẹ́ni má péjọ, ẹ dúró. Bí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ bá ṣàìsàn ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ dúró fún ọjọ́ 14, kódà bí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ. Ní àkókò yìí, kálukú lè fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé, kí ẹnì kan so wọ́n pọ̀ di eré fún rédíò àdúgbò. Ẹ má kàn kó ara yín jọ sí yàrá rédíò. Yàrá náà kéré, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́

1. Níbo ni ẹgbẹ́ eré yín ti ń ṣe ìdánrawò? Fèrèsé mélòó ni ó wà níbẹ̀? Igi wo ni ó lè gbà yín?

2. Àwọn arúgbó mélòó ni wọ́n ń bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ yín gbé nínú ilé kan náà? Ẹ kà wọ́n.

3. Ta ni ẹ lè yàn láti máa tọ́jú ìwé orúkọ, tí kò ní sọ ohun tí ó rí níbẹ̀ fún ẹlòmíràn?