Iná Jó Awọ, Kí Ló Kan Ìfun?

Ọ̀rọ̀ iná ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí, nítorí oní-àkàrà àti oníkẹrosíìnì pọ̀ nínú wa.

Ẹ ti rí i rí: iná jó ènìyàn, ó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó tiẹ̀ ń béèrè owó àjọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfun wà lára ibi tó yẹ kí a wò.

Bí iná bá jó ìdá kan nínú márùn-ún ara àgbàlagbà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe awọ nìkan ló ń ṣàìsàn mọ́. (Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìka jẹ́ bí ìdá kan nínú 100, ẹ fi wọ̀n ọ́n, bí 20 nìyẹn.) Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò kúrò nínú iṣan bọ́ sínú ẹran ara, ìdí nìyẹn tí ara fi ń wú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ káàkiri á wá dín kù. Ara á ṣe bí akápò tí owó kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ọkàn àti ọpọlọ ni yóò kọ́kọ́ fún, ìfun á dúró sẹ́yìn.

Ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó kì í pẹ́ bàjẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú rẹ̀ ni ògiri tí kò jẹ́ kí àìmọye kòkòrò àìfojúrí inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ògiri bá sì lanu, ẹ mọ ohun tí aláǹgbá ń ṣe. Àwọn kòkòrò náà àti májèlé wọn lè ráyè kọjá. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ti ń bá egbò iná jà tẹ́lẹ̀, á tún gbóná sí i, wọn ò ní mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí onílé mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró lè wú, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1842, Thomas Curling, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa egbò tó wà níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀ lára àwọn tí iná jó. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe egbò náà.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ imú aláìsàn láti fún un lóúnjẹ olómi lọ́jọ́ kìíní gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á yọ. Àwọn ará ilé ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ìyà kọ́ o! Oúnjẹ yẹn ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa wá sí ìfun, kí ògiri rẹ̀ má baà sán. Omi dírípù náà sì ń dípò èyí tó jò lọ.

Nílé ńkọ́? Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i lójú ẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má lo yìnyín, ẹ má fi epo pupa tàbí ẹyin pa á. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó di ọsibítù. Ẹ má tìtorí pé ó ń sọ̀rọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ ni kò sí, ẹ wá kan ilẹ̀kùn wa, ìbáà jẹ́ lóru.