Iṣẹ́ Abẹ fún Sísanra Jù: Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń tọ́jú owó láti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín ìwọ̀n ara kù lókè òkun. Ó ti mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti mọ iye ọjọ́ tó máa lò. Mo wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá dé, ta ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò?" Wọ́n dákẹ́. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Kí ni wọ́n máa ń ṣe gan-an?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ sleeve, wọ́n á gé nǹkan bí 80% àpòlúkù dànù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá jẹ́ bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á so ó mọ́ ìfun kékeré nísàlẹ̀, oúnjẹ ò ní gba ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́. Àwọn hòmóònù ebi àti ti yíyó náà á yí padà.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Sweden, láti 1987, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé èèyàn 2,010 tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi wọ́n wé 2,037 tó sanra bíi tiwọn àmọ́ tí wọn ò ṣe é. Láàárín ọdún kan sí méjì, ìwọ̀n àwọn tó ṣe bypass dín kù ní 32%. Lọ́dún kẹwàá, ó ti di 25%. Ẹ rí i pé díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ò padà. Nínú gbogbo àwọn tó ní àtọ̀gbẹ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, àtọ̀gbẹ lọ lára 72% lọ́dún kejì. Lọ́dún kẹwàá, ó ku 36%. Síbẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó ṣe é gùn ju ti àwọn yòókù lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Ibo wá ni wàhálà wà?

Àpòlúkù ló ń pèsè èròjà tó ń jẹ́ kí ìfun gba fítámì B12. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èyí tó ń wọlé á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ti tọ́jú B12 pamọ́, ó lè tó lò fọ́dún mélòó kan. Ó dà bí owó báńkì téèyàn ń ná láìfi kún un. Ara á yá gágá, ẹni náà á ní òun ò nílò oògùn mọ́. Ọjọ́ tó bá tán ni ẹ̀jẹ̀ á dín kù, tí ẹsẹ̀ á máa kú bíi ti ẹni tó jókòó lé e pẹ́. Kálísíọ́ọ̀mù tí ò tó náà á sọ egungun di ẹlẹgẹ́.

Àwọn nǹkan míì tún wà. Téèyàn bá mu mínírà aládùn, àyà lè máa já, kí òógùn bò ó, kí òòyì kọ́ ọ. Òkúta lè dà sínú òróòro. Ọtí á tètè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ibuprofen tá a máa ń rà ní kẹ́míìsì lè dá egbò sínú ẹni tó ṣe bypass. Ìfun sì lè há lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, tí inú bá ń run irú ẹni bẹ́ẹ̀ gidi gan-an, ẹ má kàn sọ pé "ọ́sà ni." Ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí rí.

Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe é o. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kan ni, ìtọ́jú rẹ̀ ló di ti gbogbo ayé ẹni: fítámì lójoojúmọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá dókítà nílé báyìí, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.